Ìpara Ojú Tí Ẹ Pín Bí Òrí

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó Bàbá, ẹ sì kú àfẹ́kù wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù tí mo wà yìí. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Màámi, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí síta ni, mo sì fi í ránṣẹ́ lórí fóònù kí ó lè tètè dé, kí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí mo ti ń wẹ àwọn arúgbó tí mo sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹsẹ̀ mi ti wú, n kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù, ni Màmá Dáre, ìyàwó àbúrò Bàbá, pè mí. Wọn kò tilẹ̀ bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà. Wọ́n ní ojú àwọn ń ta, ó ń bó bí èèpo iṣu sísè, pé mo ti fi oògùn Òyìnbó ba àwọn lójú jẹ́, gbogbo Ìlọ́fà ni àwọn sì máa sọ ọ́ fún. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbí, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí nìyẹn.

Rẹ́tínọ́ọ̀lù, ìpara oògùn ojú tí mo fi ránṣẹ́ sí Bọ́lá, àbúrò mi, nítorí irorẹ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni wọ́n ń sọ. Ike kan ṣoṣo ni, kò gùn ju ìka mi lọ. Àṣé nígbà tí ẹrù dé, Bọ́lá wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin. Ẹ bá a tọ́jú ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ sì bu ìyókù sínú ike róòbù fún obìnrin mẹ́fà, bí ẹni ń pín òrí! Mo mọ̀ pé bí nǹkan bá ti òkè òkun dé, a kì í dá a jẹ nílé wa. Bisikíìtì ni à ń pín, Màámi. Ọṣẹ ni à ń pín.

Màmá Dáre ní àràárọ̀ ni àwọn ń fi pa ojú, ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn tó lọ sóko. Wọ́n ti pò ó mọ́ ìpara tí wọ́n fi ń bóra, kó lè pọ̀, kí ojú sì lè tètè pupa. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́! Ta ló sọ fún wọn pé ìpara ìbóra ni? Èmi fúnra mi, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ni mo ń lò fún gbogbo ojú, lálẹ́, lórí ojú tó ti gbẹ, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Síbẹ̀ ojú mi bó díẹ̀, mo sì ní láti sinmi kó tó rọlẹ̀. Ìyẹn ní ìlú tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn o! Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, mo máa ń fi ìpara tó ń dènà oòrùn lé e. Àwọn wá gbé e lọ sóko iṣu ní ọ̀sán gangan, wọ́n ní kí ojú má ta?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló gba oorun lójú mi. Fúnmi, ìyàwó Káyọ̀dé àbúrò mi ọkùnrin, wà lára àwọn mẹ́fà náà. Fúnmi tó lóyún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí gbogbo wa ti ń gbààwẹ̀! Aláboyún kì í lo rẹ́tínọ́ọ̀lù, Màámi. Mo pè é, kò gbé e. Mo pe Káyọ̀dé, ó ní kí n má da ọkàn ìyàwó òun rú nítorí ìpara lásán. Lásán! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá a lónìí. Kí ó pa á tì, kí ó sì mú ike náà lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, kí ó sọ bí ó ṣe lò ó fún un. Kí ẹnikẹ́ni má kó o láyà jẹ. Nọ́ọ̀sì tí mo bi níbí ní èyí tó ń gba awọ ojú wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi kan ara mọ́.

Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bínú sí jù. Mo ṣáà ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi wé ike náà. Ni mo ṣe pè yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí mo fi ohùn líle bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò kà á. Ẹ ní ẹ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, pé orúkọ Bọ́lá nìkan ni ẹ rí kà níbẹ̀, ẹ sì ti fi í sínú Bíbélì yín di ìgbà tó bá dé.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ. Ìyá tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lédè Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì láì lo awò ojú, mo kọ̀wé ránṣẹ́ sínú ilé rẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí báńkì. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé ibi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ẹ gbé lẹ́tà yìí lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, ẹ kà á sókè. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń bó, kí ó dá a dúró, kí ó fi omi lásán fọ ojú, kí ó sì fi òrí pa á. Ẹ ka ti aláboyún lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ìpàdé, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Fúnmi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé. Ẹ kí Màmá Dáre náà, ẹ ní ojú wọn yóò san, inú mi náà yóò sì rọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìkókó nílé wa, yóò sì dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ lè pọ̀n ọ́n. Ẹ dárí jì mí.

Èmi ni Tóyìn, tí ẹ fi èédú kọ́ ní a, b, d lára ògiri ilé ìdáná,
ọmọ yín.