Màmá Ti Kó Abẹ́rẹ́ Sọ́kọ̀, Ó Ń Bọ̀ ní Denver

Wilber, Nebraska

Joleen ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ náà le? Ọlọ́run tó bá ọ ṣọ́ oyún náà láti ọjọ́ yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wẹ́rẹ́ ni wàá bí, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ilé kò burú. Òjò yìnyín ba àgbàdo àwọn Hruska aládùúgbò wa jẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó yọ tiwa sílẹ̀, àwọn adìẹ sì ń yé.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. O ní kí n má wakọ̀, pé wákàtí méje ti pọ̀ jù fún èmi nìkan, pé kí n fi kúbùsù alábùlẹ̀ ọmọ náà ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé nínú ìjọ tiwa, gbogbo obìnrin ló ń rán àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà nìkan ló ń rán etí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rán an títí yóò fi gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Ṣé pósítọ́fíìsì ló máa bá mi gbé ọmọ ni? Mò ń bọ̀ ní Sátidé.

Ẹrù ti wọkọ̀. Mo kó ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kó áyọ́ọ̀nù, mo kó àlùmọ́gàjí ńlá tí bàbá rẹ, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, fi gé wáyà lọ́jọ́ kan tí mi ò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, mo kó òwú oríṣiríṣi àwọ̀ nítorí a ò tíì mọ èyí tó máa bá orúkọ ọmọ mu, abẹ́rẹ́ wà nínú agolo bisikíìtì, kolache, búrẹ́dì aládùn tí mo yan fún ọ, sì wà láàárín òwú rírọ̀ tí à ń tẹ́ sínú kúbùsù kó má baà rún. Adeline Hruska wá wò ó, ó káwọ́ lérí, ó ní ṣé ọmọ ni mò ń lọ wò àbí mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo ní kó panu mọ́, kó bá mi ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó tì í tán ló wá bi mí pé ẹ̀wù wo ni mo máa wọ̀ tí mo bá débẹ̀. Joleen, mo tún ìlẹ̀kùn náà ṣí. Aṣọ àbùlẹ̀ kún ọkọ̀ dé òrùlé, mi ò kó ẹ̀wù kan ṣoṣo, kódà mi ò kó pátá.

Ní ti ọ̀nà, má fòyà. Obìnrin tó wà nínú fóònù tí o rà fún mi yẹn, ẹnu yà mí sí i. Mo ní kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ dán an wò. Mo sọ fún un pé Denver ni mò ń lọ, mo wá yà sí ilé adìẹ. Ó ní kí n yí padà. Mo gba ẹ̀yìn àká, ó tún ní kí n yí padà. Kò pariwo, kò pòṣé, kò bi mí pé ṣé mo fọ́jú ni. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó ti bàbá rẹ tí mò ń ka máàpù fún un, ẹnikẹ́ni ò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ tọ́ mi sọ́nà rí. Ta ló bí i? Ibo ló jókòó sí tó fi ń rí ilé adìẹ mi? Ó mọ ọ̀nà eléruku ẹ̀yìn ilé Hruska pàápàá! Iṣẹ́ Olúwa mà tóbi o. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rán aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná fún un, olódòdó pupa. Bá mi béèrè àdírẹ́sì rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́. Kí o sì fún obìnrin náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó fi ra kọ́fí, nítorí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ láti Wilber dé Denver, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ. Ọlọ́run á fún ọ lókun, ọwọ́ rẹ á tẹ ohun rere, ilé rẹ kò ní dá páro.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mi ò tíì jókòó sídìí ìwakọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yìí rí. Àárọ̀ yìí ni mo wọlé síbẹ̀. Àga ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ tì í sí, ẹsẹ̀ mi ò kan búrẹ́kì. Mo sunkún tẹ́ ara mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà mo fa àga síwájú, ẹsẹ̀ mi sì kàn án. Sọ fún ọmọ náà kó dúró dè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Georgene