Ẹsẹ̀ Bàbá Lórí Pẹ́dà Kílọ́ọ̀ṣì

                                        Ṣọ́ọ̀bù Bàbá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara tiwa le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò nọ́ọ̀sì àdúgbò wa. Mo dá gíábọ́ọ̀sì padà, mo tẹ pẹ́dà, ó lọ wọnlẹ̀, kò dìde mọ́. Bàbá jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń fa atẹ́gùn inú epo rẹ̀ jáde lábẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko! Pàbó ló já sí.

Nígbà tó sú mi, mo tú sílíńdà kékeré tó máa ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Bàbá bojú wò ó, wọ́n ní, "Ẹnì kan tẹ pẹ́dà nígbà tí gíábọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, tí kò sí ohun tó máa dá sílíńdà yìí dúró. Ta ni?"

Mo mọ ẹni náà. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun Bàbá, ìjókòó mọ́tò oníbàárà ni wọ́n máa ń jókòó sí láàárọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ tí mo sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo rí epo nílẹ̀, mo kàn ti písítìnì tó yọ jáde nínú sílíńdà yẹn padà, mi ò wádìí. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún ogójì ọdún, ṣé ó máa béèrè kó tó tẹ̀ ẹ́ ni?

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ojú mi ló tú àṣírí. Bàbá bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fi kọ́ ìṣó tí wọ́n fi tiyín kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé yín kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, àṣìṣe kan náà ni! Ẹ ò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ nígbà yẹn.

Mọ́tò nọ́ọ̀sì ti ń lọ geere. Bàbá ni ò lọ. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí wọ́n ti dojú kọ ògiri, oúnjẹ ò wọnú wọn. Mo ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Wọ́n ní kí n lọ sọ ìyẹn fún yín.

Òun ni mo ṣe ń kọ̀wé. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kẹ́ ẹ sì tètè máa bọ̀. Ẹ wá bá mi mú aṣọ yẹn kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wọ̀ wọ́n. Mo nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ò gbé e. Ìṣó yín ni.

Èmi ni àbúrò yín tó ń ṣọ́nà,
Ọwọ́-Epo