Àwọn Ará Ilé Wa Létí Odò Ọya

Bàbá mi àtàtà,

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ju ẹ̀yin lọ. A ti rí wọn, Bàbá. A ti rí àwọn ènìyàn bàbá bàbá yín.

Mo ṣì ń rí yín níwájú ilé wa ní Láfẹ́ńwá, lẹ́yìn ìrun alásárì, tí ẹ ń fara balẹ̀ bó ọsàn kí èèpo rẹ̀ má baà já. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn, ẹ ó gbé ojú sókè, ẹ ó ní, "Ohun tó gbé wa débí nìyẹn." Ìwọ̀nba ohun tí ẹ mọ̀ náà ni pé Tápà ni bàbá bàbá yín, pé ó bá àwọn tó ń la ojú irin fún ìjọba òyìnbó dé Abẹ́òkúta, ó fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, kò sì padà mọ́. Ńdàkó là ń pè é. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí ẹ ti ìpàdé àdúgbò dé tí ẹ kò jẹun. Ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin kan sì ní, "Ẹ̀yin àtọ̀húnrìnwá, ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, ẹ kò lọ sí ìpàdé mọ́. Ṣé ó dùn yín títí ẹ fi lọ? Ẹ kò sọ fún mi rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbi iṣẹ́ ní Ìbarà, ọmọ Tápà ni, Hájárà lorúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí à ń jẹun ọ̀sán, mo sọ fún un pé bí mo bá ṣe ohun tó dùn mọ́ yín, Nnági lẹ máa ń pè mí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ bàbá ẹ ní èdè wa? Ìyá kékeré ni wọ́n ń pè ẹ́ yẹn!"

Mo wá sọ ti Ńdàkó fún un. Ó mi orí. "Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Bàbá àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Bàbá, àṣé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ orúkọ bàbá yẹn! Ohun tí àwọn ọmọ ọmọ ń pè é ló mọ́ ọn lára.

Pàtígì, létí Odò Ọya, ni ilé Hájárà. Ó ní kí n bá òun lọ béèrè níbẹ̀ bí a bá gba ìsinmi. Àǹtí Sìkírá, àbúrò yín, kò gbà. Ó ní, "Jẹ́ kí òkú sinmi. Bí àwọn ará àdúgbò bá gbọ́ pé o lọ wá ilé mìíràn, wọn á ní ká kó ẹrù wa kúrò níbí." Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, nítorí ilé yẹn nìkan ló ní. Mo rọ̀ ọ́ títí, mo sì lọ.

Àwọn àgbà tí a kọ́kọ́ bá kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló bá iṣẹ́ ojú irin lọ láyé ìgbà náà, tí wọn kò dé mọ́. Ọkàn mi ti rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí a wọ ilé kan tó kọjú sí odò, tí a bá bàbá arúgbó kan nínú rẹ̀. Mo mẹ́nu ba ìka tó gé. Bàbá náà sọ̀rọ̀, Hájárà sì túmọ̀ rẹ̀: "Ìka wo?"

Mo na ọwọ́ òsì mi, mo ká ọmọńdinrín rẹ̀ kò. Omi bọ́ lójú bàbá náà.

Ó ní okùn ọkọ̀ ojú omi ló gé ìka Ńdàkó nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bàbá tó bí bàbá arúgbó yìí. Títí di òní, bí wọ́n bá ń ṣàdúà fún òkú nínú ilé yẹn, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó sùn sí. Yákúbù. Yákúbù lorúkọ rẹ̀, Bàbá.

Wọ́n béèrè orúkọ tiyín náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, gbogbo wọn la àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ṣàdúà fún yín. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́?

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún Àǹtí, ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Yákúbù, Yákúbù, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ sí ìpàdé àdúgbò. Mo tẹ̀ lé e. Ó dìde láàrin àwọn ọkùnrin, ó ní, "Láti Pàtígì ni bàbá wa ti wá. Ibí náà sì ni ilé wa." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìyàwó ìmáàmù ló kọ́kọ́ ní kí a kú oríire, àwọn tó kù sì gbè é.

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn ọmọ bàbá arúgbó náà ń bọ̀ wá wo sàréè Yákúbù. Àǹtí ti ra ìrẹsì Ọ̀fàdà sílẹ̀, ó sì ń yọ mí lẹ́nu bóyá Tápà á lè jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò sùn ló kù. Yàrá yín wà ní títì láti ìgbà tí a ti gbé yín jáde nínú rẹ̀. Lónìí, mo ṣí i. Mo fọ kọ́tìnnì, mo ṣí fèrèsé méjèèjì, oòrùn sì wọlé dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti ká àwọn agbádá yín kúrò lára ìṣó, kí àwọn ará ilé yín lè rí ibi fi tiwọn kọ́.

Èmi tí ọkàn mi kò kúrò lọ́dọ̀ yín,
Ọmọ yín obìnrin.