Ìwé Tó Ti Di Òfo Láàrin Wa

Ilé tó kángun sí tìrẹ,
Erúnmu,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ìyá Ishaq, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo mọ̀ pé o jí dáadáa, torí mo gbọ́ ikọ́ rẹ láàárọ̀. Bàbá Ishaq ńkọ́? Mo rí wọn tí wọ́n ń wá bàtà. Ó wà lábẹ́ bẹ́ńṣì. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń wò ó, mi ò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí ọgbà kan ṣoṣo là láàrin èmi àti ẹ̀. O rántí ìwé tí ẹgbẹ́ onílé ní kí a fọwọ́ sí, nígbà tí adìẹ mi jẹ láfún tí o sá, tí ariwo wa sì tú ìpàdé wọn ká lẹ́ẹ̀kẹta: a ò gbọdọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, lẹ́yìn náà ìwé yóò di òfo. Mo ka ọjọ́ náà pé. Mo wá jókòó, mò ń retí ẹni tó máa kéde pé ó ti di òfo. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí, ẹnikẹ́ni ò wá. Ìwọ náà ò sọ̀rọ̀, mo sì ń rò ó pé bóyá inú ṣì ń bí ọ.

Lánàá mo tọ Bàbá Ìyàndá lọ, àwọn tó ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní òfin tí wọ́n bá fagi lé, èèyàn ló pa á. Èyí tó bá di òfo, ọjọ́ orí rẹ̀ ló pa á, kò sẹ́ni tó ń lu agogo fún un. Wọ́n ní bí ìwé ọkọ̀ àwọn náà ṣe rí nìyẹn: nọ́ńbà wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ pé ni agbára ti kúrò lára rẹ̀. Mo ní tí èèyàn bá ṣì ń tẹ̀ lé e ńkọ́? Wọ́n ní, "Ìyá Wándé, òkú ni ẹ̀yin méjèèjì ń bẹ̀rù yẹn."

Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, Àjọkẹ́. Ọjọ́ tí ìrẹsì mi jóná, mi ò rí ẹni tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ láfún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ́kọ́ la ẹnu. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Bá mi kí Bàbá Ishaq àti Kifayah ọmọ wa.

Èmi ni aládùúgbò rẹ tí ẹnu ń yún,
Olúfúnmi (Ìyá Wándé).

Àfikún: Mo ń wá ohun tí màá fi lẹ lẹ́tà yìí ni o yọjú lórí ọgbà, o ní, "Ìyá Wándé, ta lò ń kọ lẹ́tà sí láti àárọ̀?" Mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mò ń bọ̀ wá kà á fún ọ.