Ohun Tí Mi Ò Sọ Sétí Màmá Otylia

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Ọ̀wàrà
Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣàpèjúwe eré fún àwọn tí kò ríran, ìgbà tí eré bá ti jinná tán ni wọ́n máa ń pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n jókòó láti ọjọ́ kìíní. Àpèjúwe á wà nínú eré fúnra rẹ̀: àwọn òṣèré á máa fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Olùdarí wa, Ksawery, gbà sí gbogbo rẹ̀. "Ó dára, Bogna. Ó dára gan-an." Ó-Dára ni màá máa pè é níbí.

Tíátà gba Màmá Otylia síṣẹ́ pé kí wọ́n máa tọ́ mi sọ́nà. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní ìlú Białystok yìí ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti fọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́. Kalina, ọmọ wọn, ló ń ṣe opó inú eré. "Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi ti ń ṣeré, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bogna, màá wo ara rẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ó-Dára ti gé ìlà mẹ́rìnlá lára àwọn tí òṣèré fi ń ṣàpèjúwe. Ó ní wọ́n ń fa eré sẹ́yìn. Kí n sọ ìyókù látinú yàrá onígíláàsì lókè, bíi ti àtijọ́. Mo jà. Ó ní ó dára, òun ti gbọ́. Ó gé méjì sí i.

Ọjọ́bọ̀, 17
Ó ku ìlà mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 23
Kò ku nǹkan kan. Ìran ìkẹyìn ò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rárá mọ́. Wọ́n ti gé iná ilé opó náà, ó ń po tíì nínú òkùnkùn; àwa òǹwòran là ń rí i kedere. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Kalina ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò jọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ etí tábìlì lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ìka tó kéré jù bọ gíláàsì kó lè mọ ibi tí omi gbígbóná dé — ó jó o — ó nù ún mọ́ itan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri, àfi bíi pé ògiri ló kí i.

Àwọn oníná bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rí ẹni tí à ń rín.

Màmá Otylia ni. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọ̀fìnkìn ò jẹ́ kí wọ́n wá lónìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn.

Ọjọ́bọ̀, 24
Mo ká Kalina mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì lọ́wọ́, kò lè jẹ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí Bogna, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ara mi ò mọ òkùnkùn míì yàtọ̀ sí ti màmá mi." Mo ní kó yí i padà. Ó ní òun ti gbìyànjú, Ó-Dára kọ̀. "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ó ń po tíì. Ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

Mo lọ bá Ó-Dára. Ó ní ibẹ̀ ló dùn jù nínú eré. "Ṣé ìyá ẹ̀ á wá rí i ni?" Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Bélú
Ọjọ́ ìrántí òkú. Gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú. Mo bá Màmá níbi sàréè ọkọ wọn, mo bá wọn tan àbẹ́là. Mo ti pinnu pé màá sọ. Wọ́n wọ bàtà tuntun, wọ́n ń fi rìn kó lè rọ̀ kó tó di ọjọ́ eré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú òkúta sàréè náà: "Bàbá Kalina, mò ń lọ wo ọmọ wa o. Màá wá ròyìn."

Mo tan àbẹ́là kan sí i. A jọ gun bọ́ọ̀sì padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Eré ti wáyé. Èèyàn méje ló fi ẹ̀rọ tí ohùn mi ń gbà wọlé sétí. Màmá wà ní ìlà kẹta. Ìwé méjì ló wà níwájú mi lókè fún ìran ìkẹyìn: ọ̀kan kún fọ́fọ́, ìkejì jẹ́ gbólóhùn kan.

"Ó ń po tíì."

Mo dákẹ́. Gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Mo rí Màmá tí wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, sósì. Wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n fi ìka kan ẹ̀rọ etí wọn, wọ́n tún kàn án, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n dá a padà. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Níta, wọ́n dì mọ́ mi. "Ẹ̀rọ mi kú lásìkò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Màmá pè. Àná ni wọ́n tún lọ wò ó, wọ́n mú Walentyna, aládùúgbò wọn, dání. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni mo máa ń wà lókè. Walentyna ló ń sọ ọ́ sí wọn létí.

"Ó ní àgbọ̀n mi ni, ìka mi ni. Mo rẹ́rìn-ín, Bogna! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa sọ bí mo ṣe rí fún mi."

Mo ń sọkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán.

"Kalina ọmọ mi ni, ó lè fi mí ṣe ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbé ojú mi fún."

Wọ́n rọra gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n là á mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Èèyàn mẹ́fà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àgbọ̀n, etí tábìlì, ìka, ẹ̀rín sí ògiri. Ọkùnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìjókòó Màmá ṣófo.

Kí n tó kúrò, akọ̀wé tíátà pè mí. Màmá Otylia ti ní kí wọ́n wá alápèjúwe míì tí àwọn á máa bá ṣiṣẹ́. Ó ní ṣé mo mọ ẹnì kan tó ṣe é fọkàn tán.

Mo kọ orúkọ méjì fún un.