Ìwé Tí Mo Ní Kí Àwọn Ọmọ Gé

Ilé Alágbàfọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejìlá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, alábàáṣe mi,

Ọmọ-ọmọ mi àgbà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, èyí tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lóṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ Sátidé ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ, ó mú bíírò, ó jókòó. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Báwo ni ara? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo? Bàbá ilé rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jáwọ́ nínú ṣíṣe bí ẹni tí kò gbọ́ràn nígbàkígbà tí o bá rán an níṣẹ́? Ara tèmi le. Ọwọ́ nìkan ló ń ro mí, o sì mọ ìdí. Ẹni tó bá fọ aṣọ ibùsùn ọsibítù fún ọdún mẹ́tàlélógún bíi tèmi tìrẹ, kí ló fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣe?

N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ dáadáa fún bí o ṣe jókòó ti ọmọ mi títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, o gbé àpótí rẹ̀ wá fún mi, o ní kí n tọ́jú rẹ̀. Mo tọ́jú àpótí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni n kò tọ́jú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. O rántí àwọn kékeré méjèèjì: Agbẹjọ́rò, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kì í gba ọ̀rọ̀ kankan láìjiyàn, àti Bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó rí roboto. Agbẹjọ́rò ló wá bi mí bóyá Kérésìmesì máa ń wá sílé tí màmá ti kú. Mo ní ó ń wá síbi gbogbo. Ó ní, "Ògiri ilé kejì ti ń dán. Tiwa ò ní nǹkan kan." Ìyá wọn ló máa ń ra àwọn nǹkan tó ń dán yẹn lọ́dọọdún. Èmi ò rí ìwúlò wọn rí, ṣùgbọ́n mo wo ojú Bọ́ọ̀lù, mo ní ó dáa, a máa ṣe tiwa fúnra wa.

Ní Sátidé, àgbà wọn lọ fún ẹ̀kọ́ àfikún. Mo kó ìdérí agolo mílíìkì jáde, mo fi ìṣó lu ihò sí wọn létí, a fi òwú so wọ́n rọ̀. A fi páálí bàtà gé ìràwọ̀. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná, ó di gọ́ọ̀mù. Bébà ló kù, èyí tí a máa gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ká lẹ̀ ẹ́ ní òrùka òrùka, kó di ẹ̀wọ̀n gígùn láti orí fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti rántí àpótí ọmọ mi, mo ṣí i, mo bá ìwé nínú rẹ̀. Ní gbogbo oṣù tó fi ṣàìsàn, ìwé ni wọ́n ń kó fún wa lọ́sibítù: ìwé ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, ìwé pé ká lọ ká bọ̀. Mo rò pé àwọn náà ni. Lójú mi, ìwé kan ò yàtọ̀ síkan.

Agbẹjọ́rò mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lẹ́tà gàdàgbà inú ìwé nìkan ni wọ́n ṣì ń kọ́ ọ kà, kò tíì lè ka èyí tí àgbàlagbà fọwọ́ kọ. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ta ló ni ín? Ṣé kò ní bèèrè ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹni tó ni ín ò nílò ẹ̀ mọ́. Gé e."

Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Mo ti ní kí ọmọ yìí kọ ọ́ síbẹ̀.

A gé e. Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀lù fi gọ́ọ̀mù kun irun ara rẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ìsìnkú, wọn ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ewé ìwé méjì tó gbẹ̀yìn, a rì wọ́n bọ omi búlúù tí mo fi ń fọṣọ, a fi wọ́n ṣe òdòdó.

Nígbà tí àgbà wọn wọlé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Èyí mà rẹwà!" Ó sún mọ́ ọn. Ó gbé àga, ó gùn ún. Ó ní, "Ọwọ́ Màámi ló kọ èyí." N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní, "Orúkọ mi ló wà níbí."

Ewé méje ni ọmọ mi fi kọ̀wé sí i lórí ibùsùn, tojú tẹ̀yìn. Mo gé gbogbo rẹ̀.

Àgbà wọn gbìyànjú láti tú u. Gọ́ọ̀mù mi le. Ibi tó bá ti fà, ó ń ya, ọ̀rọ̀ sì ń bá a lọ. Ó fẹ́ fi omi rẹ ẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo mọ ohun tí omi ń fi yíǹkì ṣe. Òdòdó búlúù wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí, kò sí nǹkan kan lára wọn mọ́. Mo ní ká sọ ẹ̀wọ̀n náà kalẹ̀, ó ní rárá. Láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ẹ̀kọ́, ó ń gun àga, ó ń ka èyí tó kọjú síta, ó ń dà á kọ. Èyí tó kọjú sínú kò ṣeé kà.

Agbẹjọ́rò ti wá bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Mo ṣáà bi yín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, o bi mí.

Lánàá, ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí dúró lórí àga, kò yíjú sí mi, ó kà á sókè: "Ka ibí yìí sétí Ìyá Àgbà, torí wọn ò lè kà á fúnra wọn. Sọ fún wọn pé mo." Ó tán síbẹ̀. Mo ní kí ló tẹ̀lé e. Ó ní òun ò mọ̀, ó wà nínú, lábẹ́ gọ́ọ̀mù.

Èmi ni mo gé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tí màá bínú sí.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Ìwọ lo jókòó ti ọmọ mi. Bó bá ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sétí rẹ, bó ti wù kó kéré, kọ ọ́ ránṣẹ́. Má hùmọ̀ èyí tí kò sọ láti fi tù wá nínú. Ọmọ yìí mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, á mọ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ bá nọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń kọrin, èyí tó ń bá a gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn nígbà tó bá ń kọ̀wé. Sọ fún un, kó rántí ohun tó bá lè rántí.

Ẹni tó kàn ni ọkọ ọmọ mi. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni lọ́ọ̀rì rẹ̀ máa já ẹrù lọ́dọ̀ yín kó tó máa bọ̀ wálé. Dúró dè é ní gáréèjì. Má sọ ọ́ fún un lórí fóònù, torí ó máa ń gbé e sétí tó bá ń wakọ̀. Jẹ́ kó jókòó, kó jẹun tán. Sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe àwọn ọmọ. Tó bá wọlé, kó má fọwọ́ kan ohun tó wà lára ògiri, àfi tó bá kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà ọmọ rẹ̀. Òun ló ni ín.

Bá mi kí ilé. Bọ́ọ̀lù ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ fọṣọ,

(Àtàńpàkò mi rèé. N kò rí tàdáwà, búlúù ni mo fi tẹ̀ ẹ́.)