Ìhágún Reuben Ọ̀ṣínúgà Lórí Àwo "Ariwo Ilé Iṣẹ́"

Èmi, Reuben Akínfẹ́nwá Ọ̀ṣínúgà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ń gbé ní Agége, tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún tẹ àwo orin ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi yìí. Ọpọlọ mi pé. Kíndìnrín mi ni kò pé. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, àfi ìyàwó mi tó ní dandan kí n jẹun kí n tó bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́látitó, ni alábòójútó ìhágún yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ kò tíì dárí jì mí pé mo yan gìtá dípò iṣẹ́ báńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é.

2. Ilé mi ní Agége di ti Ojúọlápé, ìyàwó mi, àti Olúwafúnkẹ́mi, ọmọ wa.

3. Tòlótòló mi, kí ẹ fún bàbá tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń bú u ní àràárọ̀. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ẹran kò ní lè bú u tó bẹ́ẹ̀.

4. Gìtá béèsì mi di ti Olúwafúnkẹ́mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé obìnrin kì í ta á.

5. Tépù ńlá tí a fi gba orin àwo wa sílẹ̀ di ti Ojúọlápé. Ó tọ́ sí i, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1988, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ búrẹ́dì di nǹkan àpínjẹ, àwa mẹ́ta tí à ń jẹ́ Ọ̀nà Irin ṣe àwo kan ṣoṣo, Ariwo Ilé Iṣẹ́. Nùréènì Àbúdù ló kọrin, tó sì ta gìtá. Èmi ta béèsì. Onílù wa ti wà lókè òkun báyìí. Orin rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí etí mọ̀. A gba ohùn àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀, a sì kọrin lé e lórí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ohùn Nùréènì nínú orin kejì, omi a máa bọ́ lójú mi.

Àlàbá, àbúrò Nùréènì, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, ló ń yan bébà àárín àwo, èyí tí a kọ orúkọ olórin sí, nínú ààrò kí ó lè gbẹ. Bí kò bá gbẹ, yóò ya lábẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tẹ àwo wa, ó ti to ìdì méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tiwa àti ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan. Aláwọ̀ búlúù ni méjèèjì, nítorí yíǹkì mìíràn kò sí. Mo ń kánjú kí iná má lọ, mo gbé ti ìjọ. Ẹgbẹ̀ta àwo ni mo ti tẹ̀ kí n tó ka ohun tó wà lójú ọ̀kan. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́ nígbà náà. Mo pa ẹnu mi dé.

Àwọn ìyá ìjọ ra àwo wa, wọ́n rò pé tiwọn ni. Wọ́n fi sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìsìn, igbe Nùréènì ló jáde. Wọ́n dá a padà ní páálí-páálí. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn aláriwo fi ẹ̀tàn wọ ilé Ọlọ́run, rédíò kò sì gbé e sí i mọ́. Ọ̀gá ní kí a lọ̀ wọ́n, kí a fi tẹ àwo ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dà wọ́n sínú ẹ̀rọ.

Ẹnì kan péré ló dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú tirẹ̀ lábẹ́ apá. Ó ní òun wá dá a padà ni, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ fún òun ẹni tó ń ta ohùn ìsàlẹ̀ yẹn. Ojúọlápé ni. Kò dá a padà.

6. Ohun tó wúwo nìyí. Nígbà tí Nùréènì bi mí pé ta ló da bébà rú, mo ní Àlàbá ni. Wọ́n lé Àlàbá lẹ́nu iṣẹ́. Àlàbá fúnra rẹ̀ gbà pé òun ni, nítorí òun ló to ìdì. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n kò dáhùn ìkíni àbúrò. Nígbà tí Àlàbá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, èmi ni mo jókòó sáàyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo sì jẹ ẹran àgbò.

Nùréènì, èmi ni. Àlàbá, ọwọ́ rẹ mọ́, ó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dárí jì mí.

7. N kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Lọ́yà Oyèkànmí sọ fún mi pé ẹlẹ́rìí kì í jogún, àti pé àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró pọ̀ lójú kan náà. Ẹ̀yin ni mo yàn. Mo ránṣẹ́ sí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sọ fún ìkíní pé ìkejì ń bọ̀. Lọ́yà yóò ka gbogbo èyí sí yín létí. Bí ẹnì kan nínú yín bá jáde, ìwé yìí di bébà lásán, àwọn ẹbí mi yóò sì bá Ojúọlápé du ilé. Ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ṣe é.

Mo fọwọ́ sí i ní Agége, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 1997.

Reuben Akínfẹ́nwá Ọ̀ṣínúgà

Lójú àwa méjèèjì tí a jọ dúró níbẹ̀:

Ẹlẹ́rìí kìíní: Nùréènì Àbúdù, Ọgbà, atúnrédíòṣe.

Ẹlẹ́rìí kejì: Àlàbá Àbúdù, Agége, oníbúrẹ́dì. Èmi ẹlẹ́rìí kìíní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni mo bá a di ìwé náà mú títí ó fi fọwọ́ sí i.